Ìpè aago 5 ìdájí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ka ìrírí yín bọ̀, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun kò lè gbàdúrà mọ́. Èmi náà ti débẹ̀ rí.

Olùkọ́ ni mí nílé ìwé aládàáni kan ní Ọ̀tà nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé dé ní oṣù kẹrin ọdún 2020 nítorí Kòrónà. Iṣẹ́ dúró, owó oṣù dúró. Dánfó tí ọkọ mi fi ń ná Sángo sí Ọ̀ṣọ́dì wà lójú kan. Ọmọ mẹ́ta, gàrí kóńgò méjì.

Ebi kọ́ ló dùn mí jù. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, síbẹ̀ tí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í jáde. Mo ń bínú sí Ọlọ́run. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń bínú lónìí má bàa rò pé òun nìkan ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì. Màmá àgbà kan nínú ìjọ wa wá ń pè mí láago 5 ìdájí lójoojúmọ́. Opó ni wọ́n, wọ́n sì ti sin ọmọ méjì. Wọn kì í bi mí bóyá mo gbàdúrà. Wọ́n á ka ẹsẹ Bíbélì kan, wọ́n á ní, "Jésù wà pẹ̀lú rẹ, ọmọ mi," ó parí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ka Ẹkún Jeremáyà orí 3, níbi tó ti ní ọ̀tun ni àánú Olúwa ní òròòwúrọ̀. Mo fìbínú dáhùn: "Màmá, àánú wo nìyẹn?"

Wọn kò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé inú ìgbádùn lẹni tó kọ ọ́ wà ni? Jerúsálẹ́mù ti jóná. Àwọn ọmọdé ń dákú fún ebi ní ìgboro. Àárín eérú ló ti sọ ọ́."

Mo ti ka orí 3 yẹn láìmọye ìgbà, n kò so ó mọ́ orí 2, níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ebi ń pa yẹn wà, rí. Èrò mi ni pé bí wàhálà bá tán ni ìrètí ń dé. Mo ka ìwé náà tán lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún títí, àdúrà sì jáde, gbólóhùn kan péré: "Jésù, má fi mí sílẹ̀."

Gàrí kò pọ̀ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà o. Ilé ìwé yẹn kò pè mí padà dòní. Àkàrà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín lẹ́nu ọ̀nà wa, pẹ̀lú ẹ̀wà kóńgò kan àti òróró tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò, òun náà ni mo ṣì ń dín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó máa ń jí mi lóru kò padà mọ́, kódà nígbà tí ọkọ mi ṣàìsàn lọ́dún 2021 tí a fi ta dánfó. Mo sunkún nígbà yẹn náà, àmọ́ mo mọ ẹni tí mo ń sunkún sí.

Màmá sùn nínú Olúwa lọ́dún 2022.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò lè gbàdúrà mọ́, ẹ má fipá mú ara yín lálẹ́ òní. Mo máa ń jí po àkàrà láago 5 ìdájí. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, n ó pè yín.