Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wo ni kí n rà fún ṣọ́ọ̀bù ìkunmọ́tò?

Akunmọ́tò Òkè-Báálẹ̀: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òṣogbo níbí ni mo ti ń kun mọ́tò. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mi, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ fún pẹ́ńtì fífín, ti sú mi: agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì 2 (horsepower), táǹkì lítà 50. N kò ní tíì kun bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìdajì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀, pẹ́ńtì á wá máa tu jáde bí itọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀kùn Camry kan gbẹ tán, ojú wẹẹrẹ wẹẹrẹ bò ó bí ìgbà tí òjò ta sórí yanrìn. Oníbàárà ní, "Ọ̀gá, ṣé ilẹ̀ gbígbóná ló bá mọ́tò mi jà ni?" N kò rí èsì fún un.

Ọ̀rẹ́ mi rí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ onísukúrúù tòkúnbọ̀ kan l'Ékòó, irú èyí tí irin oníkókó tó ń yí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó ní kì í pariwo, kì í sinmi. Àwọn kan ní kí n dúró ti pístìnì, èyí tí irin tó ń lọ sókè sódò ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Iná fésì kan ni mo ní, jẹnẹrétọ̀ mi ò ju 3.5 kVA lọ. Èwo ni kí n fowó lé?

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Àbúrò, fi onísukúrúù sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kì í kú láàárọ̀ dalẹ́ ló wà fún. Bó o bá ń tàn án, tó ò ń pa á, kò ní gbóná tó, omi á máa dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì inú rẹ̀, béárìn á bàjẹ́. Ra pístìnì onísílíńdà méjì, oníbẹ́líìtì, táǹkì lítà 200.

Má sì wo họ́ọ̀sì nìkan, CFM ni kó o bi wọ́n, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan ṣe pọ̀ tó. Gáànù HVLP, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí kò le fín pẹ́ńtì, máa ń jẹ tó CFM 10 sí 14. Họ́ọ̀sì kan ń mú bíi 3 sí 4 wá ní PSI 90 (bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó). Họ́ọ̀sì 4 ò lè pọ̀ jù fún ẹ, 5.5 lọkàn rẹ máa balẹ̀ sí. Iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ohun tí pístìnì fà wọlé ni wọ́n sábà máa ń kà, kì í ṣe ohun tó jáde lẹ́nu rọ́bà afẹ́fẹ́. Yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò.

Oníná Wáyà: Jẹnẹrétọ̀ yẹn ńkọ́? Họ́ọ̀sì kan jẹ́ wáàtì 746, 5.5 ti fẹ́ẹ̀ tó 4,100 nìyẹn. Ìgbà tó bá sì ń dìde, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ rẹ á kérora lẹ́ẹ̀kan, á kú. Wá iná fésì mẹ́ta.

Fọkanáísà Gáréèjì: Ẹ ra olẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù jàre. Èmi ò bá iná ṣọ̀rẹ́ rí.

Ẹlẹ́rọ Àgbà: Fọkanáísà, táyà lò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kò sẹ́ni tó ní kí táyà dán. Èéfín ẹ́ńjìnnì yẹn á wọ inú afẹ́fẹ́. Àti pé tínà ń gbiná o!

Ìyá Ìbejì Alága: Ọmọ mi, ojú wẹẹrẹ yẹn kì í ṣe ẹ̀bi họ́ọ̀sì. Omi àti ọ́ìlì ni. Èmi náà ń fín àga, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà wo lo tú nọ́ọ̀tì ìdí táǹkì gbẹ̀yìn?

Akunmọ́tò Òkè-Báálẹ̀: Mà, n ò tú u rí.

Ìyá Ìbejì Alága: Yéè! Lọ tú u báyìí. Fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ kó lè ti omi jáde, má sì gbé ojú sí i.

Akunmọ́tò Òkè-Báálẹ̀: Mo ti dé. Omi pupa bí àgbo jẹ̀dí, ó kún agolo pẹ́ńtì kan àbọ̀, ó ń rùn bí irin tó dípẹtà.

Ìyá Ìbejì Alága: Irin táǹkì ni omi yẹn ń jẹ, ọjọ́ kan ló máa bẹ́. Èyí tó o bá rà, máa tú u lálaalẹ́, pàápàá nígbà òjò. Gbé fílítà omi jìnnà sí ẹ̀rọ, bíi mítà 8, kí afẹ́fẹ́ ti tutù kó tó dé ibẹ̀.

Akunmọ́tò Òkè-Báálẹ̀: Ẹ ṣé, mà. Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó pé kó má sanwó. Lọ́la mo ń lọ bèèrè iye fésì mẹ́ta. Oní-Camry ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn náà ni mo ń fi sáńpépà ha lọ́wọ́ báyìí.