Dókítà eyín ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òun lórí Google
Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ní Houston níbí, dókítà eyín kan ní kí n kọ́kọ́ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù: bí mo bá kọ ohunkóhun nípa òun sórí Google, tòun ni ọ̀rọ̀ náà, n ó sì sanwó ìtanràn lójoojúmọ́. Mo buwọ́ lù ú. Ta ni akokoro ń dà láàmú tó máa jókòó ka fọ́ọ̀mù? Ohun tó fi dí eyín ọ̀hún ti já bọ́ báyìí, ó tún ń béèrè owó mìíràn!

Mo mọ̀ pé òfin Consumer Review Fairness Act ti ọdún 2016 sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di òfo. Àmọ́ tó bá ní kí lọ́yà kọ̀wé sí mi ńkọ́? Ṣé FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ni kí n fẹjọ́ sùn ni, àbí agbẹjọ́rò àgbà Texas?