Ẹ gbà mí o: kí la máa wọ̀ fún fọ́tò 70 ọdún màmá wa?

Ìyá Tómi, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá wa máa pé 70 lóṣù tó ń bọ̀, àwa ọmọ sì ti fẹnu kò pé a máa ya fọ́tò ńlá kan tí a máa gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1994 la yà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wọ sòkòtò péńpé nínú rẹ̀, bàbá wa tó ti lọ ló sì jókòó láàárín.

Àwa 13 ni: màmá, ọmọ mẹ́rin, ọkọ àti ìyàwó mẹ́ta, ọmọ-ọmọ márùn-ún. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Tèmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, bí fìlà bá kan orí ẹ̀ báyìí, ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London máa dé lọ́jọ́ Ẹtì, Sátidé sì ni fọ́tò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dì sí nìyí: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká ra léèsì funfun kan náà fún gbogbo wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ní òun ń fọ́mọ lọ́mú, òun ò lè wọ funfun. Màmá fúnra wọn ní "ohun tó bá ti wù yín," ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu ìyá. Kí la máa wọ̀ o? Kí la sì máa ṣe fáwọn ọmọ?

Onífọ́tò Mọ́kọ́lá

Ìyá Tómi, ẹ kú ìmúra. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Ẹ fi léèsì funfun yẹn sílẹ̀. Èèyàn 13 tó wọ funfun kan náà, tí wọ́n fara ti ara wọn, ẹ ò ní mọ ibi tí aṣọ ẹnì kan parí sí. Orí 13 lẹ máa rí lórí òkìtì òwú. Funfun sì ń tan ìmọ́lẹ̀ padà gan-an: bí mo bá ṣètò kámẹ́rà kí ojú ihò léèsì lè hàn, ojú yín á dúdú mọ́ra wọn, bí mo bá tẹ̀ lé ojú yín, léèsì á di funfun pẹrẹsẹ bí páálí.

Màmá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yan aṣọ fún. Ẹ wá mú àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó bá tiwọn mu, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ níbẹ̀. Ẹ yẹra fún aṣọ onílà wẹ́wẹ́, ó máa ń gbọ̀n rìrì nínú fọ́tò kámẹ́rà ayé òde òní. Ẹ yẹra fún èyí tó ní òkúta dídán láyà náà. Tó bá jẹ́ àgbàlá lẹ máa yà á, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ dáa. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fi òjìji sábẹ́ ojú, pàápàá lábẹ́ gèlè. Ẹni tó bá ń lo awò ojú, kó gbé apá awò náà sókè díẹ̀ lórí etí, kí dígí rẹ̀ lè kọjú sílẹ̀ díẹ̀. Iná ò ní tàn nínú rẹ̀.

Ọmọ Aláṣọ Òkè, Ìṣẹ́yìn

Ẹ tiẹ̀ ti bi màmá pé kí ló wà nínú àpótí wọn? Ìyá tó máa pé 70 kò ní ṣaláì ní sányán, aṣọ òkè aláwọ̀ búráùn yẹn. Sányán ni baba aṣọ. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹ wọ àdìrẹ aláró tàbí ẹtù, aṣọ òkè aláró. Aró dúdú yẹn ló máa gbé wọn yọ. Ẹ wá jẹ́ kí iyùn ọrùn wọn nìkan jẹ́ pupa láàárín yín.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ sányán náà o. Ẹ sá a sí afẹ́fẹ́ níbi tóòrùn ò ti pa á fún ọjọ́ méjì, kí òórùn káńfọ̀ lọ. Ẹ tẹ́ aṣọ mìíràn lé e lórí kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ti àwọn ọmọ ni tèmi. Lọ́dún tó kọjá, ilé ni mo ti wọ àwọn ìbejì mi láṣọ aláwọ̀ wàrà, mo wá gbàgbé ara mi, mo fún wọn ní sóbò nínú ọkọ̀. Ká tó dé, ọ̀kan ti dà bí ẹni tó ti ibi ìjà bọ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti máa yà á ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ wọ́n láṣọ. Ẹ bọ́ wọn yó kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, omi nìkan ni kẹ́ ẹ gbé dání.

Ẹ dirun fáwọn ọmọbìnrin ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le máa ń fa ojú wọn. Ẹ má gẹrun ọkùnrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí orí má baà sú. Bàtà tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi rìn káàkiri ilé. Ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ gbàgbé ti fìlà, ẹ jọ̀ọ́.

Télọ̀ tó mọ ara ẹ̀

Ẹ má sọ ọjọ́ tí fọ́tò jẹ́ gangan fún télọ̀ yín. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ẹni London, kó wọn bùbá àti sòkòtò tó bá a mu tẹ́lẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Kó má wọn ara ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Bàbá Àgbà Kútọ̀

Ìyá Tómi, o kú ìnáwó. Nígbà tiwa, àgbà tó bá ń ya fọ́tò á jókòó ganrangandan, á kọjú sí kámẹ́rà, á gbọ́wọ́ lé orúnkún méjèèjì, aṣọ rẹ̀ á tẹ́ rẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n gbọ́wọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọge.

Ní ti bàbá yín, ẹ gbé fọ́tò wọn lé ìyá lórí ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Hàà, bàbá! Fọ́tò olóògbé nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí?

Bàbá Àgbà Kútọ̀

Kí ló burú ńbẹ̀? Ìwọ ìyá ìbejì ló yẹ kó mọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láyé ọjọ́un, onífọ́tò á tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí méjì wọn lè pé. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, kí àrẹ̀mọ wọ agbádá bàbá rẹ̀.

Ìyá Tómi, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni. A ṣí àpótí lánàá. Ìró, bùbá, gèlè, ìpèlé, sányán ni gbogbo rẹ̀, agbádá bàbá wa sì wà lábẹ́ wọn, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Màmá gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ já. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa wé gèlè, kí ẹnikẹ́ni má mú oníméékọ́ọ̀pù wá bá àwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi London ti fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti rí ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i nípa léèsì, kò tíì dáhùn. Mo gbọ́ pé ó ti san owó ìdajì.