Kàtúùnù tó ń bá ìlù rìn: ìrírí àwa òǹwòran l'Óṣogbo

Òkè-Fìà: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Orúkọ àdúgbò wa la fi ń pe ara wa níbí. Kàtúùnù kúkurú tí wọ́n yà mọ́ orin, ẹ kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi ojú lásán wò ó. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì ń lu ilẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó yà á ka ìlù dáadáa. Fírémù 24, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ni sinimá ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orin tó bá lu ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, fírémù 12 ló bọ́ sí ìlù kọ̀ọ̀kan; tó bá lu 90, ó di 16. Wàhálà dé bó bá lu 100, torí 14.4 ló já sí, kò sì sẹ́ni tó lè ya ìdá fírémù. Ẹni tó bá fi 14 sí gbogbo rẹ̀, kí ìlù tó pé mẹ́wàá, àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fírémù 4 ṣíwájú orin. Ẹ pín in ní 14, 14, 15, 14, 15, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbọ̀nà: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni wọ́n ti ń kà á. Èédú ni Oskar Fischinger ará Jámánì fi ya àwọn fíìmù rẹ̀ tó pè ní Studie sórí bébà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Len Lye, tí òun náà ń ṣe fíìmù, kò tilẹ̀ lo kámẹ́rà fún fíìmù A Colour Box ní 1935, ojú fíìmù gan-an ló kun ọ̀dà sí. Ẹni tó bá ti rí àwọn aládìrẹ wa tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sáṣọ á mọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wá ìtàn níbẹ̀. Ìlà àti àwọ̀ ló ń jó.

Alékúwodò: Ti kọ̀ǹpútà ló wù mí jù. Ẹ̀rọ tí ológun fi ń darí ìbọn sí bàálù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni John Whitney, ayafíìmù ará Amẹ́ríkà, sọ di ẹ̀rọ àwòrán, òun ló fi ṣe fíìmù Catalog ní 1961. Nígbà tó fi máa di fíìmù rẹ̀ Arabesque, 1975, kọ̀ǹpútà gidi ló ń lò. Nínú Luxo Jr., kàtúùnù àtùpà ti ilé-iṣẹ́ Pixar, 1986, bí ìṣẹ́jú méjì péré, òjìji ni kí ẹ máa wò: bí àtùpà bá ti yí orí, òjìji rẹ̀ náà yí.

Ṣùgbọ́n kàtúùnù Pipe Dream ti ilé-iṣẹ́ Animusic, 2001, kò lẹ́gbẹ́. Nóòtì orin fúnra rẹ̀ ló ń darí bọ́ọ̀lù tó ń bọ́ lu ohun èlò. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣírò irú rẹ̀: bí bọ́ọ̀lù yóò bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan lófuurufú, ó gbọ́dọ̀ ti kúrò lẹ́nu páìpù ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ohùn tó dún. Bí onílù ṣe ń gbé kọ̀ǹgọ́ sókè kó tó lù náà nìyẹn. Gbígbé yẹn ni kí ẹ wò.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ jọ̀ọ́, bí ohùn bá ń pẹ́ lẹ́yìn àwòrán ńkọ́?

Òkè-Fìà: Wo sípíkà rẹ, àbúrò. Bó bá jẹ́ Bluetooth, ohùn lè pẹ́ tó 150 mílísẹ́kọ́ǹdì (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), bẹ́ẹ̀ fírémù kan ò ju bíi 42 lọ. Fírémù mẹ́ta ó lé ti sọnù nìyẹn, kò sí kíkà tó lè dúró níbẹ̀. Lo wáyà. Bí kò bá sí wáyà, tẹ lẹ́tà J lórí VLC ti Windows, ètò tí a fi ń wo fídíò: ìtẹ̀ kan á fa ohùn ṣíwájú ní 50 mílísẹ́kọ́ǹdì, K á dá a padà. Lẹ́tà E ń gbé fírémù lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni kó o fi ka 12 tàbí 16 tí mo sọ. Nínú gbọ̀ngán, ẹni tó jókòó ní mítà 14 sí sípíkà ti pẹ́ ní fírémù kan. Fáìlì tó gba orí WhatsApp kọjá náà kò dára fún irú èyí, bí wọ́n ṣe fún un pọ̀ kó lè kéré ti ba àwọn ìlà tín-ín-rín jẹ́.

Ìgbọ̀nà: Ẹni tó bá fẹ́ ya tirẹ̀ sí dùndún, gúdúgúdú ni kó kà, kó fi ìyáàlù sílẹ̀. Gúdúgúdú kì í yẹ̀. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ó sì lè fa ohùn gùn. Ẹ gbé fóònù kan sún mọ́ gúdúgúdú nígbà tí wọ́n bá ń lù, kí ẹ rí ìró rẹ̀ gbọ́ lọ́tọ̀. Àmì kóńkóló, ìyẹn àmì róbótó kékeré, ló yẹ ẹ́. Ti ìyáàlù, ìlà tó ń tẹ̀ ni kí ẹ fún un, torí ohùn rẹ̀ ń yọ́ láti òkè wá sílẹ̀, àmì kóńkóló ò lè gbé e.