Ṣọ́ọ̀kì píkọ́ọ̀pù mi ti gbó, irú èwo ni kí n fi pààrọ̀ rẹ̀?

Kúnlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣọ́ọ̀kì tó bá píkọ́ọ̀pù mi wá ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ títí dòní. Bí mo bá kó ẹrù, ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀. Bí mo bá wá kó sí gálọ́ọ̀pù, á máa fì sókè fì sódò, kò ní tètè balẹ̀. Bí kò bá sì sí ẹrù, ìdí rẹ̀ á máa ta lójú ọ̀nà gbágungbàgun, àgàgà ní kọ́nà, ẹ̀rù a sì máa bà mí. Ẹnì kan ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì Bilstein 5100, ẹlòmíràn ní Old Man Emu, ẹnì kẹta ní KYB ti tó. Mo tún fẹ́ gbé ọkọ̀ náà sókè ní ínṣì 2. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ràsákì Mẹkáníìkì:
Kúnlé, ó dáa bó o ṣe béèrè kó o tó náwó. Ọ̀rọ̀ méjì lo dà pọ̀. Kí ìdí ọkọ̀ máa wálẹ̀, ẹjọ́ sípíríǹgì nìyẹn. Sípíríǹgì ló ń ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì kì í rù ú, ṣe ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má baà máa jó lọ jó bọ̀. Písítìn inú rẹ̀ á máa fipá ti ọ́ìlì gba ihò tóótòòtó kọjá, agbára tí ì bá máa mi ọkọ̀ á sì di ooru. Nítorí náà, bó o bá ti ojú ọ̀nà burúkú dé, fẹ̀yìn ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì. Rọra o, ó lè jó ọ. Bí ọ̀kan bá gbóná tí ìkejì tutù, èyí tó tutù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wo ara wọn pẹ̀lú. Bó bá kàn rin díẹ̀, kò tíì burú. Àmọ́ bí ọ́ìlì bá ti ṣàn dé ìdí, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn tó di ẹrẹ̀ dúdú, ó ti parí.

Mùjíìdá:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù, mo sì fẹ́ kí Kúnlé mọ ìyàtọ̀ àwọn tó dárúkọ. Nitrocharger ti Old Man Emu àti Excel-G ti KYB jẹ́ onípáìpù méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Bilstein 5100 jẹ́ onípáìpù kan, písítìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 46, wọ́n sì ya gáàsì náítírójìn inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Ooru tètè ń jáde lára rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ kì í sì í tètè hó bí omi ọṣẹ. Bí ọ́ìlì bá hó, písítìn kò rí nǹkan gidi tì mọ́, ọkọ̀ á wá máa fì. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá tẹ páìpù rẹ̀ wọnú, ó bàjẹ́ nìyẹn, torí inú páìpù yẹn gan-an ni písítìn ti ń rìn. Onípáìpù méjì máa ń fara da irú ẹ̀. Fún ọ̀nà jíjìn tó burú tòun ti ẹrù, onípáìpù kan ni màá mú. Fún ìrìn ojoojúmọ́, KYB tuntun á tó.

Táyọ̀:
Má ra ṣọ́ọ̀kì kankan kó o tó pinnu gíga ọkọ̀ o. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kúrú jù, á nà dópin kí ásù (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) tó wálẹ̀ tán, gbogbo ìwúwo ásù àti táyà á rọ̀ mọ́ ọn, títí á fi já. Bó bá gùn jù, á kanlẹ̀ nínú kí rọ́bà abẹ́ ṣáásì tó gba ásù dúró.

Kúnlé:
Mo ti wò ó. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lápá òsì tutù, ẹrẹ̀ dúdú sì bo ìdí rẹ̀. Àwọn irin sípíríǹgì ẹ̀yìn náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Màá fi ti ínṣì 2 sílẹ̀ ná. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹyọ kan tó kú yẹn? Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?

Ràsákì Mẹkáníìkì:
Méjèèjì tó wà lórí ásù kan là ń pààrọ̀ pọ̀. Ti ẹ̀yìn, o lè ṣe é. Gbé ṣáásì lé sítáǹdì, má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, kó o sì fi jáàkì mìíràn gbé ásù ró. Má fún bóòtù bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà inú ihò tí bóòtù gbà kọjá lára ṣọ́ọ̀kì) pinpin nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà bọ́ọ̀ṣì á lọ́, á sì ya kíákíá. Ti iwájú, bí ṣọ́ọ̀kì bá wà láàárín sípíríǹgì, gbé e lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì. Bí sípíríǹgì yẹn bá ta jáde lójijì, ó lè pa èèyàn. Kí wọ́n ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn ni kí wọ́n to táyà kó dúró déédéé, lẹ́yìn náà.

Mùjíìdá:
Kúnlé, ìwọ̀n ẹrù tó o sábà máa ń kó ni kó o fi ra sípíríǹgì, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù tó o kó rí. Bó bá le jù, ìdí ọkọ̀ á túbọ̀ máa ta bí kò bá sí ẹrù. Wo afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú: ìwọ̀n tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.