Re: Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ àbí iṣẹ́ kòkòrò? Lórí àwọn ọ̀rọ̀ géèmù Monster Hunter

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi àtòjọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Monster Hunter ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, géèmù tí èèyàn ti ń ṣe ọdẹ tó ń dẹ ẹranko ńláńlá, ẹ kú làálàá. Fún ẹni tí kò bá rí i: wọ́n ní ká máa pe “difficulty” ní ìṣòro, “quest” ní ìwákiri, “key quest” ní iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́, “urgent quest” ní iṣẹ́ kánjúkánjú, “rank” ní ipò, ká sì pe “monster” ní iwin. Àǹtí wa tó dáhùn ní gbogbo ẹ̀ ló dáa, pé ká tètè gbé e síta. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó ṣì wà nílé ná. Mo ti ń gbá géèmù yìí láti ìgbà tí èyí tí wọ́n pè ní World ti jáde ní oṣù kìíní ọdún 2018, ọmọ mi sì ń fi èyí tó ń jẹ́ Wilds, ti ọdún 2025, lé oorun lójú mi báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Iwin ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò. Láti ọdún 2004 tí ilé iṣẹ́ Capcom ní Japan ti gbé èyí àkọ́kọ́ jáde, ẹranko ni nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn, wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ilẹ̀, bí ọgbẹ́ bá sì pọ̀ lára wọn, wọ́n á máa tiro lọ sí ibùba wọn. Èmi ò tíì gbọ́ iwin tó ń tiro rí. Ẹranko abàmì ti tó.

Ìwákiri náà kò bá a mu. Ẹni tó ń wá nǹkan kiri kò mọ ibi tó wà. Nínú géèmù yìí, ẹgbẹ́ ọdẹ ti lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ pátákó: ẹran báyìí, nínú igbó báyìí, ìṣẹ́jú 50 ló sì sábà máa ń jẹ́. Wọ́n rán ọ níṣẹ́ ni, ìwọ náà lọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́, ó parí. Mo kọ́kọ́ rò ó pé ká lo ìgbẹ́, níwọ̀n bí ọdẹ ṣe máa ń sọ pé òun ń lọ dẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n mo ronú kan àwọn ọmọ ọdún méjìlá tó máa rí “Yan ìgbẹ́ rẹ” lójú ẹ̀rọ, mo sì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni àbí ẹ ò kíyè sí i? Ọ̀kan nínú irinṣẹ́ ìjà 14 tó wà nínú géèmù náà jẹ́ ọ̀pá gígùn kan tí ọdẹ fi ń rán kòkòrò tó gbé sápá níṣẹ́ sí ara ẹran. Lọ́jọ́ tí àmì ohùn bá fò, tó sì máa ń fò, ẹni tó bá ka “ise kokoro” á lọ máa wá ọ̀pá yẹn. Yàtọ̀ sí èyí, kọ́kọ́rọ́ kò sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Èyí tí o kò lè ṣaláì ṣe ni, bó o bá fẹ́ gòkè. Iṣẹ́ kàn-ńpá ni kẹ́ ẹ pè é. Nínú àwọn géèmù wọn ti àtijọ́, wọn kì í tilẹ̀ fi èyí tó jẹ́ kàn-ńpá hàn ọ́ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ń gbá a ló ń to orúkọ wọn fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí mo ti fẹ́ jà gan-an ni kánjúkánjú. Lóòótọ́, ohun tí àwọn ará Japan pè é nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú kankan níbẹ̀! Bó o bá parí iṣẹ́ kàn-ńpá nínú èyí tó ń jẹ́ Rise, ti ọdún 2021, iṣẹ́ yìí á ṣí, o sì lè fi í sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta kó o máa pa ẹja kiri; kò níbi tó ń lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó dábùú ọ̀nà. Bó ò bá borí ẹran náà, o ò ní wọ ìpele tó kàn. Ẹnubodè nìyẹn, ẹran tó dúró síbẹ̀ ni oníbodè. Iṣẹ́ ẹnubodè, ẹ gbọ́ bó ṣe dún.

“Rank” pín sí méjì, Gẹ̀ẹ́sì ló pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti iṣẹ́, ọ̀kan jẹ́ ti ọdẹ. Ti iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìpele Ìsàlẹ̀, Ìpele Òkè, àti Ìpele Ọ̀gá. Méjì àkọ́kọ́ tilẹ̀ sún mọ́ èdè Japan ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí “ìsàlẹ̀” àti “òkè” ni wọ́n ń wí lọ́hùn-ún. Ti ọdẹ, oyè ni. Ẹnì kan á ní oyè kì í ní nọ́ńbà bíi tinú géèmù yìí. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọdẹ ló ń fi ọ́ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, ìwọ kọ́ lo ń gùn ún fúnra rẹ. Ẹni tó ní ká pe ẹni tó bá dé Ìpele Ọ̀gá ní Olúọdẹ, rárá o. Olúọdẹ kan ṣoṣo ní ń bẹ nílùú.

Ó wá ku ìṣòro. Owó ilé tí kò pé, ìṣòro nìyẹn. Kí iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kí Rathalos, ọ̀kan nínú àwọn ẹranko abàmì inú géèmù náà, ṣubú, ìṣòro ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n géèmù yìí kì í bi ọ́ pé rírọ̀ lo fẹ́ tàbí líle. Rathalos kan náà lo máa bá ní ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; ẹ̀mí rẹ̀ á kàn máa gùn sí i, ọwọ́ rẹ̀ á máa wúwo sí i, ìpẹ́ ara rẹ̀ pàápàá á gba orúkọ mìíràn. Ìpẹ́ yẹn lo fi ń ṣe ẹ̀wù àti ohun ìjà, torí bó o pa ẹgbẹ̀rún ẹran, ara ìwọ ọdẹ kì í dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ìdàgbàsókè fún “progression”, ìgòkè ni. Fún “difficulty” fúnra rẹ̀, mo mú ìle wá: bí a ṣe rí ìga lára ga, tí a rí ìjìn lára jìn, bẹ́ẹ̀ ni ìle lára le. Àléébù rẹ̀ ni pé láìsí àmì, ilé àti ilẹ̀ á dà á rú. Bí èyí bá bà yín lẹ́rù, ìwọ̀n líle ṣì wà.

Èèyàn mẹ́rin ló pọ̀ jù tó lè jọ lọ. A ní àdáṣe àti àjọṣe, kí ló dé tá ò ní ní àdádẹ àti àjọdẹ?

Ẹ má kọ “kú” síbẹ̀ o. Ọdẹ kì í kú, dídákú ló ń dákú, àwọn ológbò á fi kẹ̀kẹ́ gbé e padà sí àgọ́. Ó di ìgbà mẹ́ta, iṣẹ́ bàjẹ́. Ọmọ mi ń sọ pé “mo gun ọmọlanke”. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tó dáa jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n tún béèrè ohun tá a máa pe kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa gé ara ẹran tó ti kú. Ṣebí à ń kun ẹran láti ọjọ́ tó ti pẹ́.