Ìmọ̀ràn: báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ìkànnì àti òfin mailing list iṣẹ́ open source yín?

Aṣọ́Kóòdù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkànnì àti mailing list (líìsì ímeèlì tí lẹ́tà ẹnì kan ti ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ líìsì) sọ́fítíwíà open source kan, ìyẹn èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ti pẹ́, àwọn tó ń lò ó pọ̀, àmọ́ àwa tá à ń kọ kóòdù rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ohun tí mo bá nílẹ̀ nìyí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì ń kéde ẹ̀dà tí a ti pa tì tipẹ́. Ojú ewé "Ẹ kàn sí wa" ṣì ń darí èèyàn lọ sí Freenode, ibi ìtàkùrọ̀sọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. WordPress, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì, ni ìkànnì ọ̀hún wà lé, ẹnì kan ṣoṣo ló ní páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹni náà kì í sì í tètè dáhùn. Òfin mailing list wa gùn débi pé èmi tí mo fẹ́ tún un ṣe gan-an ò tíì kà á tán. Ìbéèrè kan náà làwọn tuntun ń bi wá lójoojúmọ́, àwọn àgbà líìsì á sì fi ìbínú dá wọn lóhùn pé, "Ẹ lọ ka òfin."

Ẹ jọ̀ọ́, irinṣẹ́ wo ni kí n lò? Kí ló yẹ kó ṣẹ́ kù nínú òfin yìí? Àbí ká kúkú pa líìsì náà dé, ká kó lọ sórí Discourse, sọ́fítíwíà ìjíròrò orí ìkànnì?

BàbáSáfà:
Àbúrò, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wá ẹni tó ni domain. Mi ò sọ ìkànnì o, domain ni mo sọ, orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé ìkànnì. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Káàdì ta ló ń san owó rẹ̀? Ímeèlì ta ni ìkìlọ̀ pé owó ti tó san ń lọ sí? Bí ìkìlọ̀ bá ń lọ sí àdírẹ́sì tó wà lórí domain yẹn kan náà, ọjọ́ tí domain bá kú ni àdírẹ́sì náà kú, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́. Èèyàn méjì, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ lè wọlé síbẹ̀.

Ní ti WordPress, n kò bú u, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tó máa dúró tì í. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn kan gba orí WordPress wọ ìkànnì Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Wọn ò ba nǹkan kan jẹ́ lójú. Lìǹkì dáńlóòdù ẹ̀dà 17.3 Cinnamon ni wọ́n yí padà sí èyí tí àwọn fúnra wọn ti tọwọ́ bọ̀, ẹni tó bá fi í sórí ẹ̀rọ ti ṣílẹ̀kùn fún wọn nìyẹn. Nítorí náà, má fi ọkàn balẹ̀ pé checksum (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà) wà lójú ewé. Ẹni tó lè yí lìǹkì padà lè yí checksum tó wà lábẹ́ rẹ̀ padà. Kọ́kọ́rọ́ GPG, tó ń fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ fi fáìlì síta, ni kẹ́ ẹ fi máa buwọ́ lu ìtẹ̀jáde yín, kí kọ́kọ́rọ́ náà má sì sí lórí sáfà ìkànnì rárá.

Bí ojú ewé yín kò bá ju ìròyìn, àlàyé àti dáńlóòdù lọ, kó o lọ sórí Hugo tàbí Jekyll, irinṣẹ́ tó ń sọ fáìlì lásán di ojú ewé. Fáìlì Markdown (ọ̀rọ̀ lásán tí àmì díẹ̀ wà nínú rẹ̀) nínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà fáìlì), kò sí database, kò sí ojú ewé admin tí ẹnikẹ́ni á máa gbìyànjú páàsìwọ́ọ̀dù lé lórí.

ÌyáRepo:
Mo fara mọ́ Bàbá. Kí n fi tèmi kún un: Hugo tàbí Jekyll kọ́ ló máa gbà yín. Mo ti rí ìkànnì Hugo tó jókòó bẹ́ẹ̀ láìsẹ́ni tó ṣí i wò. Ohun tó ń sọ ojú ewé di ògbólógbòó ni pé ẹni tó rí àṣìṣe kò mọ ibi tó máa gbé e gbà. Ẹ fi lìǹkì "Tún ojú ewé yìí ṣe" sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó gbé èèyàn lọ tààrà sí fáìlì náà nínú repo, ibi tí Git kó fáìlì yín sí. Àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà náà, tí wọn ò mọ kóòdù kọ, á máa tún lẹ́tà kan ṣe níbí, lìǹkì kan lọ́hùn-ún.

Nọ́ńbà ẹ̀dà wá ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ èèyàn kankan máa tẹ̀ ẹ́. Kí script (kóòdù kékeré) kà á láti ara tag (àmì ẹ̀dà) tó gbẹ̀yìn nínú Git, kó sì tún ìkànnì kọ́ nígbàkigbà tí ìtẹ̀jáde bá wáyé.

Ti Freenode yẹn pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin nìkan kọ́. Oṣù karùn-ún 2021 ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó kúrò lọ dá Libera.Chat sílẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì tẹ̀ lé wọn, àmọ́ ojú ewé "Ẹ kàn sí wa" ò tẹ̀ lé wọn. Ẹ máa fi lychee yẹ gbogbo lìǹkì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa sọ èyí tó ti kú fún yín. Kò ní sọ èyí tó ṣì ń ṣí àmọ́ tí irọ́ ti wọ inú rẹ̀ o. Ojú èèyàn ló ń rí ìyẹn.

OníPatch:
Ẹ jẹ́ kí n wá sórí òfin. Mo mọ irú ojú ewé gígùn tí ẹ ń sọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà láti ìgbà RFC 1855, ìwé ìlànà ìwà ọmọlúàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọdún 1995. Òun ló ní kí ìlà má kọjá lẹ́tà 65, òun ló ní kí orúkọ ìparí lẹ́tà má ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó nídìí nígbà yẹn. Lónìí, ẹni tó wá bèèrè ìdí tí sọ́fítíwíà ò fi ṣí kò nílò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń lọ ka òfin kó tó kọ lẹ́tà. Ẹ gbé òfin lọ pàdé èèyàn: inú lẹ́tà káàbọ̀ tí Mailman, sọ́fítíwíà tó ń darí mailing list, máa ń fi ránṣẹ́, àti ojú ewé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Tiwa nìyí, ẹ lè mú un:

> Sọ ẹ̀dà tí ò ń lò àti irú ẹ̀rọ tí o fi ń lò ó. Sọ ohun tí o ṣe, ohun tí o rí, àti ohun tí o retí.
> Ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Má ya fọ́tò rẹ̀.
> Ọ̀rọ̀ tuntun, lẹ́tà tuntun. Má fèsì sí lẹ́tà ẹlòmíì kí o kàn yí àkọlé padà.
> Bí o bá ń fèsì, gé ohun tí èsì rẹ kò kàn kúrò.
> Gbogbo ayé ló lè ka ohun tí o bá kọ síbí, yóò sì pẹ́ níbẹ̀.
> Bí o bá rí àlèébù ààbò, má kọ ọ́ síbí. Fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ààbò wa.

Ó parí. Ìlà kẹta yẹn, ẹ máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá bèèrè, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ímeèlì gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní In-Reply-To pamọ́ sínú, òun ló ń sọ lẹ́tà tí ẹ ń fèsì sí. Ẹ̀ báà yí àkọlé padà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni lẹ́tà yín máa bọ́ sí nínú archive (àkójọ lẹ́tà àtijọ́), ẹni tó bá sì ti ní kí ọ̀rọ̀ yẹn má hàn sí òun mọ́ ò ní rí i láéláé.

Ẹnu_Fóònù:
Ọ̀gá OníPatch, ẹ má bínú o, àmọ́ ti pé ká gé lẹ́tà kí a tó fèsì yẹn, ó ti sú èmi. Orí fóònù ni mo ti ń ka ímeèlì. Àpù mi máa ń gbé èsì sókè, ó sì máa ń fi gbogbo ìyókù sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fèsì bẹ́ẹ̀ lórí líìsì kan, ìwàásù tí wọ́n ṣe fún mi gùn ju ìrànlọ́wọ́ tí mo wá ṣe lọ. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

OníPatch:
Ẹ̀dùn ọkàn yín yé mi. Àmọ́ ẹni tó bá ń yẹ patch (àyípadà kóòdù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́) wò nílò kí èsì wà lábẹ́ ìlà kóòdù tó ń bá wí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí "èyí kò dáa" ń tọ́ka sí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in: kí òfin yẹn wà fún líìsì àwọn tó ń kọ kóòdù nìkan, ká yọ ọ́ kúrò ní ti àwọn aṣàmúlò. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọ́ ẹnì kan sọ́nà, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè onítọ̀hún, kó wá fi ìmọ̀ràn sí ìparí lẹ́tà, tàbí kó kọ ọ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀.

Alárinà:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da òfin bí a ṣe ń kọ lẹ́tà pọ̀ mọ́ òfin ìwà. Ọ̀tọ̀ ni top-posting (kí èsì wà lókè ọ̀rọ̀ tó ń dáhùn), ọ̀tọ̀ ni kí ẹnì kan máa dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ ẹlòmíì. Fún ìwà, ẹ lè mú Contributor Covenant, àpẹẹrẹ òfin ìwà tó ti wà láti 2014. Àmọ́ ẹ má gbé e sókè bí kò bá sí ẹni tó máa gba ẹjọ́. Mo ti rí ibi tí àdírẹ́sì ẹjọ́ ti ń lọ sí àpótí ímeèlì tẹ́nikẹ́ni ò ṣí mọ́. Ẹ fi orúkọ èèyàn méjì síbẹ̀, ká lè rí ẹni fẹjọ́ sùn bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn gan-an lẹ́jọ́ kàn.

Ohun mìíràn: bí ẹ bá ń dá lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹni tuntun dúró nítorí spam, ẹ jẹ́ kí Mailman sọ fún un pé alábòójútó ń bọ̀ wá wò ó. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, á tún un fi ránṣẹ́, á tún un fi ránṣẹ́, ẹ̀yin á wá rò pé oníwàhálà ni.

BàbáSáfà:
Mo gbàgbé ẹ̀rọ líìsì. Bó bá jẹ́ Mailman 2.1 lẹ ṣì ń lò, Python 2, ẹ̀dà àtijọ́ èdè kóòdù Python, ló gbé e ró, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020 sì ni wọ́n ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Python 2 dúró. Ẹ máa múra láti lọ sórí Mailman 3.

Wo àkọlé àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Bí líìsì bá ń fi orúkọ iṣẹ́ yín sínú àmì akámọ́ níwájú àkọlé, tó sì ń fi ìlà ìpolongo sí ìsàlẹ̀, ó ń ba ìbuwọ́lù DKIM (àmì tó ń fi hàn pé lẹ́tà kò yí padà lójú ọ̀nà) tó wá pẹ̀lú lẹ́tà jẹ́. Oṣù kẹrin 2014 ni Yahoo ní kí àwọn sáfà ímeèlì má gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bó bá gbé orúkọ Yahoo. Lẹ́tà aṣàmúlò Yahoo kan á dé orí líìsì, àwọn sáfà tó ń gbà á fún ẹlòmíì á dá a padà, Mailman á sì rò pé àdírẹ́sì àwọn yẹn ló ti bàjẹ́, á yọ wọ́n kúrò. Yálà kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan kún lẹ́tà rárá, tàbí kẹ́ ẹ tan ètò tó ń fi àdírẹ́sì líìsì rọ́pò àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́.

ÌyáRepo:
Lórí Discourse: ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ lórí python-dev, líìsì àwọn tó ń kọ Python, ti kó lọ síbẹ̀, èèyàn sì lè máa fi ímeèlì dáhùn. Bí aṣàmúlò bá pọ̀ ju akóòdù lọ, èmi á gbé wọn lọ, màá fi líìsì akóòdù sílẹ̀, màá sì ní líìsì ìkéde kan lọ́tọ̀ tí àwa nìkan lè kọ nǹkan sí. Àmọ́ ẹ má ṣe pa archive àtijọ́ rẹ́. Nígbà tí ojú ìkànnì Gmane, tó ń tọ́jú archive ọ̀pọ̀ mailing list, lọ lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ lìǹkì tí wọ́n ti kọ sínú kóòdù àti bug lágbàáyé ò ṣí mọ́. Kí lìǹkì yín máa lo Message-ID (àmì ìdánimọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan) bí ti lore.kernel.org, archive líìsì àwọn tó ń kọ Linux, torí ìyẹn kì í yí padà bí ẹ bá pààrọ̀ sáfà.

Aṣọ́Kóòdù:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá, Màmá, gbogbo yín. Màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú domain lónìí, màá sì gbé lẹ́tà káàbọ̀ OníPatch wọ inú Mailman lẹ́yìn náà. Discourse á dúró ná.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun fi nọ́ńbà fóònù òun sí ìparí lẹ́tà lọ́jọ́ kan, ó ní ká yọ lẹ́tà náà kúrò nínú archive. Mailman 2.1 ni a ṣì ń lò. Ṣé kí n pa á rẹ́?

BàbáSáfà:
Má pa lẹ́tà rẹ́. Orí nọ́ńbà ni Pipermail, ẹ̀ka Mailman 2.1 tó ń ṣe archive, fi lìǹkì rẹ̀ lé, nítorí náà bó o bá yọ lẹ́tà kan tó o sì tún archive kọ́, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e lè sún sókè, lìǹkì àwọn ẹlòmíì á sì máa ṣí lẹ́tà tí kì í ṣe tiwọn. Kọ́kọ́ ṣe àdàkọ fáìlì mbox (èyí tí gbogbo lẹ́tà wà nínú rẹ̀), ṣí i, fi X rọ́pò nọ́ńbà náà, kó o sì ṣe bákan náà nínú fáìlì HTML lẹ́tà yẹn. Má gbàgbé àwọn tó fèsì sí i láìgé ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Nọ́ńbà náà wà nínú tiwọn pẹ̀lú.